Wúrà Kì í Léfòó: Àkọsílẹ̀ Ìwádìí Ilẹ̀ Kan Létí Ọ̀sà Lẹ́kkí

Ilẹ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí wà ní ìlà-oòrùn ìlú Ẹ̀pẹ́, létí ọ̀sà Lẹ́kkí. Apá òkè rẹ̀ pupa, ẹ̀gẹ́ àti ọ̀pẹ ló wà níbẹ̀. Apá ìsàlẹ̀ rọra dà títí ó fi kan àbàtà àti omi. Ẹbí kan ló ni ín, ojúlé mẹ́ta ni wọ́n sì pín sí. Ìsàlẹ̀ yẹn ni àwọn tó ń wa yanrìn ti ń kó ṣáàpù sáńdì sínú típà. Níjọ́ kan, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹbí náà rí i pé iyanrìn tí wọ́n dà sílẹ̀ ń tàn yẹ̀rìyẹ̀rì nínú oòrùn, àwọn ohun wẹ́wẹ́ tó pọ́n tó ń dán sì lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó bu díẹ̀ sínú ìgò, ó gbé e lọ sílé.

Kò pẹ́ tí ìgò náà fi di ọ̀rọ̀ ńlá. Ọkùnrin kan wá láti ìgboro Èkó pẹ̀lú ẹ̀rọ tó máa ń dún bí ó bá kan irin lábẹ́ ilẹ̀. Ó gbé e rìn lórí ilẹ̀ pupa náà, ẹ̀rọ dún níbi púpọ̀, ó ní wúrà ni. Ó mú ìwé àdéhùn wá, ó fẹ́ kí ẹbí fọwọ́ sí i pé òun ra ilẹ̀ náà pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ojúlé kan fẹ́ tà. Ojúlé kejì ní owó tó dárúkọ kéré jù fún ilẹ̀ wúrà. Ẹ̀kẹta ò sọ̀rọ̀. Olórí ẹbí, bàbá àgbà kan tó ti fi èyí tó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀ pẹja lórí ọ̀sà yẹn, ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ sí nǹkankan títí tí ẹni tó mọ ilẹ̀ yóò fi wò ó. Bí wọ́n ṣe ránṣẹ́ pè wá nìyẹn, àwa onímọ̀ ilẹ̀, pé kí a wá ya máàpù ilẹ̀ náà.

Ìwé àdéhùn yẹn la kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò, nítorí ó lè da ẹbí rú kí a tó gbẹ́ ihò kan ṣoṣo. Òfin ohun àlùmọ́nì ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2007 sọ ọ́ gbangba pé ìjọba àpapọ̀ ló ni ohun àlùmọ́nì inú ilẹ̀, ibi yòówù kí ó wà. Onílẹ̀ lè ta ilẹ̀, kò lè ta wúrà abẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wá a kiri tàbí wà á jáde gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ Mining Cadastre ti ìjọba àpapọ̀. Bó bá sì di pé ó fẹ́ máa wà á, ó gbọ́dọ̀ bá àwọn ará ibẹ̀ jókòó ṣe àdéhùn lórí ohun tí ìlú yóò jẹ níbẹ̀. Bàbá ní kí n tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì kí gbogbo ojúlé lè gbọ́. Lẹ́yìn náà ló ká ìwé ọkùnrin náà, ó tì í bọ abẹ́ ẹní tó jókòó lé.

Síbẹ̀, a ò lè fi ọwọ́ òsì da ọ̀rọ̀ wúrà yẹn nù. Ẹni tó bá wo máàpù yóò rí ìdí rẹ̀. Odò Ọ̀ṣun ń ti òkè Èkìtì bọ̀, ó gba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kọjá, ó gba ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, kí ó tó tú omi rẹ̀ sínú ọ̀sà Lẹ́kkí. Ní òkè lọ́hùn-ún, àwọn ẹ̀ka rẹ̀ ń fọ apá kan agbègbè Ifẹ̀ àti Iléṣà, tó wà lára ilẹ̀ tí ohun àlùmọ́nì pọ̀ sí jù lọ nílẹ̀ Yorùbá. Àpáta ìgbàanì ni tibẹ̀. Ó ti lé ní 500 mílíọ̀nù ọdún tí ooru àti ìfúnpá inú ayé ti ká wọn, tó sì sọ ọ̀pọ̀ nínú wọn di àpáta oníwẹ́wẹ́ tó kún fún máíkà, ohun àlùmọ́nì pẹlẹbẹ tó máa ń dán. Omi gbígbóná tó gba ojú ibi tí àpáta ti là kọjá ló gbé wúrà wọ inú òkúta funfun tí à ń pè ní quartz. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fọ wúrà látinú iyanrìn odò ní Ìtàgúnmọ́dì, ibi ìwakùsà Segilola ní agbègbè Iléṣà sì bẹ̀rẹ̀ sí í mú wúrà jáde lọ́dún 2021. Odò tó bá gba irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kọjá, kò burú bí ọmọ ènìyàn bá ń wo iyanrìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìbéèrè tí a kọ sójú ewé àkọ́kọ́ nínú ìwé iṣẹ́ wa ni pé: nínú gbogbo ohun tí odò yìí ń já kúrò lára àpáta òkè, èwo ló lè gbé dé etí ọ̀sà, èwo ni yóò jókòó sọ́nà?

Yíya máàpù ilẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ yàtọ̀ sí yíyà á ní Iléṣà. Ní Iléṣà, àpáta yọ orí síta. Òòlù, kọ́ńpáàsì àti ẹsẹ̀ tó lè rìn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó. Ẹ̀pẹ́ wà lórí ilẹ̀ tí iyanrìn àti amọ̀ ti to lé ara wọn láti ayébáyé, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Dahomey Basin, tó ti ìlà-oòrùn Gánà gba Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ wọ ìhà ọ̀dọ̀ wa. Àpáta líle wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ojú kò lè tó o. Ibi tí ilẹ̀ bá ti là nìkan la ti lè kà á: ẹ̀gbẹ́ títì tí katakata gé, ojú àgbàrá, ihò kànga.

A lọ wo Erédò Súngbọ́ náà, odi àti yàrà ìgbàanì tí wọ́n gbẹ́ yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, tí gígùn rẹ̀ lé ní 160 kìlómítà, tí apá kan rẹ̀ kò sì jìnnà sí Ẹ̀pẹ́. Ẹni tó bá dúró nísàlẹ̀ yàrà náà yóò rí ògiri yangí tó ga ju orí ènìyàn lọ dáadáa, pẹ̀lú bí pupa rẹ̀ ṣe ń di líle sí i àti ibi tí ó ti ń ní àmì funfun nínú. Mo gbà pé ó yẹ kí gbogbo ẹni tó bá ń kọ́ iṣẹ́ yìí ní ìpínlẹ̀ Èkó dúró níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. A ò kan òòlù mọ́ ọn. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba ńlá wa ni, ojú àti kámẹ́rà la fi kà á.

Ẹni tó ràn wá lọ́wọ́ jù ni ọkùnrin kan tó ń gbẹ́ kànga ládùúgbò náà. Ó mọ ilẹ̀ yẹn láti inú wá. Bí a bá dárúkọ ilé kan, yóò sọ iye ríìǹgì tó wọ kànga ibẹ̀, ibi tí yangí ti parí, ibi tí amọ̀ alámì funfun ti bẹ̀rẹ̀, àti ibi tí ó ti kan iyanrìn funfun tó ń sun omi. Ó sọ fún mi pé, "Ẹnjiníà, tí ẹ bá ti gbọ́ tí ọkọ́ yí ohùn padà, amọ̀ ti tán nìyẹn." A jókòó tì í, a kọ kànga kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ bó ṣe ń kà á, a sì lọ fi okùn wọn àwọn tó ṣì ṣeé wọ̀n. Ohun tó sọ bá okùn mu, àfi níbi tí ilẹ̀ ti ya dí kànga.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí èyí, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń fo ibẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń fi iná mànàmáná wọn abẹ́ ilẹ̀ dára, a sì máa ń lò ó. Bí ilẹ̀ ṣe ń dí iná lọ́nà tó ló ń kà. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ńlá tí ó bá kà lè jẹ́ ti iyanrìn gbígbẹ, ó lè jẹ́ ti yangí líle, ó sì lè jẹ́ ti iyanrìn tó kún fún omi dídùn. Nọ́ńbà kékeré lè jẹ́ ti amọ̀, ó sì lè jẹ́ ti omi oníyọ̀. Ihò ló ń sọ èyí tó jẹ́. Agbẹ́kàǹga ti wọ inú ihò náà tẹ́lẹ̀, ó ti fọwọ́ kan ilẹ̀ ibẹ̀, ó sì rántí. Kí a máa sanwó ẹ̀rọ ká má béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kò bọ́gbọ́n mu.

Lẹ́yìn ìyẹn la sọ̀kalẹ̀ lọ sétí omi fún ohun tí gbogbo ẹbí ń retí. A bu iyanrìn níbi tí ọmọ wọn ti bu tirẹ̀, a bu lójú odò kékeré tó wọ ọ̀sà, a sì bu lórí òkè. A fọ̀ ọ́ nínú abọ́ fífẹ̀ lójú gbogbo wọn: a rì í sínú omi, a mì í, a ń da omi òkè nù díẹ̀díẹ̀. Ohun tó ń dán yẹn ló kọ́kọ́ lọ. Ó gbéra, ó ń yí, ó ń kọ mànà, ó sì bá omi jáde. Iyanrìn dúdú díẹ̀ tó wúwo ló kù nísàlẹ̀ abọ́.

Inú ọ̀dọ́kùnrin tó ni ìgò ru. Ó ní wúrà àwọn la ń dà nù. Ìyàwó Bàbá, ìyá àgbà tó jókòó lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ló dá a lóhùn: "Ọmọ mi, o máa ń rí mi nígbà tí mo bá ń ṣan ìrẹsì. Èwo ló máa ń kù nísàlẹ̀ igbá, òkúta àbí èèpo? Wúrà tí gbogbo ayé ní ó wúwo, báwo ló ṣe wá ń léfòó?" Kò sí ẹni tó fèsì. Láti ìgbà yẹn ni ẹbí náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá wa wò ó, tí wọ́n dẹ́kun dídúró de ohun tí a máa sọ.

Ọ̀rọ̀ ìyá yẹn gan-an ni gbogbo ìmọ̀ tó wà nídìí rẹ̀. Bí a bá gbé wúrà àti omi tó kún ife kan náà sórí òṣùwọ̀n, wúrà yóò wúwo ju omi lọ ní ìlọ́po 19. Iyanrìn quartz kò tó ìlọ́po mẹ́ta. Máíkà náà kò ju bí ìlọ́po mẹ́ta lọ, pẹlẹbẹ tín-ín-rín ló sì rí, ìdí nìyẹn tí omi tó rọra ń ṣàn pàápàá fi ń gbé e rìn jìnnà. Wúrà máa ń tètè jókòó nítòsí ibi tó ti já: lẹ́yìn òkúta ńlá, níbi tí odò ti ṣẹ́ kọ́rọ́, nínú ihò ojú àpáta ìsàlẹ̀ odò. Láti agbègbè Iléṣà dé ọ̀sà Lẹ́kkí ju 100 kìlómítà lọ, odò sì ti rẹ̀ kó tó débẹ̀. Èyí tó bá lè rin ìrìn náà nínú wúrà yóò ti lọ̀ kúnná débi pé ojú lásán ò ní rí i. Ohun tó tóbi tó ń tàn lọ́wọ́ ọ̀dọ́kùnrin yẹn létí ọ̀sà, a ti mọ̀ pé òmíràn ni.

A mú èyí tó tóbi jù nínú ìgò, a fi orí abẹ́rẹ́ tẹ̀ ẹ́. Ó bó sí wẹ́wẹ́. Wúrà máa ń tẹ̀ ni, kì í bó. A gbé e sínú òjìji, dídán rẹ̀ kú. Wúrà kì í yí àwọ̀ padà báyẹn. Máíkà ni. Bàbá gba abẹ́rẹ́ náà lọ́wọ́ wa, ó tún un ṣe fúnra rẹ̀.

Ó ku ẹ̀rọ tó dún. Ojúlé tó fẹ́ ta ilẹ̀ di ìyẹn mú: bí kò bá sí nǹkan, kí ló ń dún? A wá irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ yá. A kó yangí láti ẹ̀gbẹ́ títì kan tó jìnnà sí ilẹ̀ wọn, a dà á sórí pákó, a gbé ẹ̀rọ kọjá lórí rẹ̀. Ó dún. Irin tó wà nínú yangí ló mú un dún. Irin kan náà ló sọ ilẹ̀ wa di pupa, òun ló sì ń tan ẹ̀rọ wọ̀nyẹn jẹ bí ẹni tó gbé e kò bá kọ́kọ́ bá ilẹ̀ ibẹ̀ mú un dọ́gba. Kò sí àlàyé tí mo lè ṣe tí ìbá wọ̀ wọ́n létí tó pákó àti yangí yẹn.

Ẹlòmíràn ìbá kọ ìwé sílẹ̀ níbí, kí ó ní kò sí wúrà, kí ó sì máa lọ. Ṣùgbọ́n máàpù ilẹ̀ ni ẹbí náà ní kí a yà, ibẹ̀ sì ni máíkà tí a ti fẹ́ dà nù ti di ohun èlò fún wa.

A ti ń fi irin ìlulẹ̀ ọlọ́wọ́ gbẹ́ ihò kéékèèké ní ìlà kan láti òkè dé etí omi. Bí ilẹ̀ ṣe ń jáde la ń tẹ́ ẹ sórí tapólì, tí a ń kọ àwọ̀ rẹ̀, bí hóró rẹ̀ ṣe tóbi tó, bóyá ó tutù, àti ohun tó wà nínú rẹ̀. Máíkà wà nínú gbogbo ihò ìsàlẹ̀. Bí a ṣe gòkè dé ibì kan nínú oko ẹ̀gẹ́, ó dáwọ́ dúró pátápátá. Iyanrìn ṣì wà lábẹ́ ilẹ̀ pupa níbẹ̀, ó funfun nini, ṣùgbọ́n kò sí ohun kan tó ń tàn nínú rẹ̀.

Láti ara àpáta òkè kan náà ni iyanrìn méjèèjì ti wá, ọjọ́ orí ni wọ́n fi yàtọ̀. Èyí tó wà lókè jẹ́ ara ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Coastal Plain Sands. Ó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí ènìyàn kò lè rántí, òjò àti ooru ilẹ̀ wa sì ti jẹ máíkà inú rẹ̀ títí ó fi di amọ̀. Quartz nìkan ló lè fara dà á. Èyí tó wà nísàlẹ̀ ni odò òde òní ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó wá, òjò àti ooru kò sì tíì jẹ máíkà rẹ̀. Ibi tí máíkà ti dáwọ́ dúró ni ààlà ilẹ̀ àtijọ́ àti ilẹ̀ tuntun.

Lórí ilẹ̀, ojú kò lè rí ààlà yìí, nítorí erùpẹ̀ oko bò ó mọ́lẹ̀. Lórí máàpù ńlá tí ìjọba ti yà tẹ́lẹ̀, ìlà kan wà tó yà wọ́n sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n bí ìwọ̀n máàpù bá jẹ́ 1:250,000, mílímítà kan lórí ìwé dúró fún 250 mítà nílẹ̀. Fífẹ̀ ìlà tí wọ́n fi yíǹkì fà lè gba ibi tó tó ilé púpọ̀ mọ́lẹ̀. Ìwọ̀n yẹn dára fún ẹni tó fẹ́ mọ bí gbogbo ẹkùn ṣe rí. Ẹbí tó fẹ́ mọ ibi tí oko ti parí, tí ilẹ̀ yanrìn ti bẹ̀rẹ̀, kò lè fi ṣe nǹkan. A wá ń gbẹ́ ihò ní àárín ihò, níbi tí ọ̀kan ti ní máíkà tí èkejì kò ní, títí àyè tó wà láàárín wọn fi kéré. Ọ̀dọ́kùnrin tó bínú sí wa níjọ́sí ló di ẹni tó ń wo máíkà fún wa. Ojú rẹ̀ mú. Yóò bu ẹ̀kúnwọ́, yóò yí i sí oòrùn, yóò ní, "Ó wà," tàbí, "Kò sí," a ó sì kọ ọ́.

Iyanrìn dúdú tó kù nísàlẹ̀ abọ́ ńkọ́? Òòfà fa apá kan rẹ̀, èyí tó jẹ́ òkúta irin. Èyí tí òòfà kò fà la kó lọ sí yàrá àyẹ̀wò pẹ̀lú àwọn àpò iyanrìn yòókù. Ìlúménáìtì, rútáìlì àti sákọ́ọ̀nù ni wọ́n bá nínú rẹ̀, àwọn hóró wúwo líle tí omi àti ọdún kì í tètè jẹ. Iye wọn kéré sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi ṣòwò níbẹ̀. Wúrà kò tó ohun tí ẹ̀rọ wọn lè kà.

Ohun tí ilẹ̀ náà ní ní tòótọ́ ni iyanrìn funfun abẹ́ òkè. Irú rẹ̀ ni àwọn tó ń ṣe gíláàsì ń wá. Wọ́n fẹ́ kí sílíkà, ìyẹn èròjà quartz, inú rẹ̀ lé ní 98 nínú ọgọ́rùn-ún, kí irin inú rẹ̀ má sì tó nǹkankan, torí irin díẹ̀ ti tó láti sọ gíláàsì di aláwọ̀ ewé. Èyí tó jìnnà sí yangí nínú ihò wa mọ́ dáadáa. Èyí tó sún mọ́ yangí ti gba àwọ̀ ìpata. Ìròyìn náà dùn mọ́ ojúlé tó fẹ́ ta ilẹ̀, wọ́n sì ní kí a kọ iye rẹ̀ sílẹ̀.

Níbí ni mo ti fa ọwọ́ sẹ́yìn, mo sì sọ ìdí rẹ̀ níwájú gbogbo ẹbí. Iyanrìn funfun yẹn kan náà ni gbogbo kànga àdúgbò ń mu omi nínú rẹ̀. Ẹni tó bá wà á kọjá ojú omi ti ṣí omi àwọn aládùúgbò sílẹ̀ fún ẹrẹ̀ àti epo katakata. Agbẹ́kàǹga wa dìde, ó ka àwọn ilé tí omi wọn ń ti ibẹ̀ wá, ó dárúkọ olúkúlùkù. Bàbá gbọ́ orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ méjì nínú rẹ̀. Ìpinnu tí wọ́n ṣe ni pé kí òkè náà máa jẹ́ oko, kí àwọn tó ń wa yanrìn má kọjá ìlà tí a fi máíkà fà, kí a sì dá ìwé ọkùnrin náà padà fún un láìfọwọ́sí.

Fún àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ yìí, àwọn nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kí a mú lò láti inú èyí. Bí a bá rí ohun tí kò níye lórí lọ́jà, ká kọ́kọ́ béèrè ibi tó ti wá àti ibi tó dé ká tó dà á nù. Máíkà kò tó kọ́bọ̀ ní Ẹ̀pẹ́, òun ló sì fún wa ní ààlà tí kò sí ẹ̀rọ tó fi hàn wá. Ẹ jẹ́ kí àyẹ̀wò wáyé lójú àwọn onílẹ̀, kí àwọn náà fọwọ́ kàn án, kí ìdajì àpò kọ̀ọ̀kan sì kù sọ́wọ́ wọn pẹ̀lú nọ́ńbà ihò tó ti wá. Ẹni tó bá ṣiyèméjì lè gbé tirẹ̀ lọ síbòmíràn. Orúkọ agbẹ́kàǹga gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé iṣẹ́ wa, nítorí ara ohun tí a fi ya máàpù ni ìrántí rẹ̀. Lórí máàpù, ìlà tí kò já ni ká fi fa ibi tí a ti rí ààlà nínú ihò, ká sì fi ìlà tó ń já fa ibi tí a kàn fi òye gbé. Àwọn ọmọ ẹbí tó bá fẹ́ kọ́lé lọ́la kò ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀ bí a bá fà wọ́n bákan náà. Fóònù tí a fi mú ibi tí ihò wà lè fi mítà bíi mélòó kan ṣìnà lábẹ́ ọ̀pẹ, ká kọ ìyẹn náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Kí a sì dí gbogbo ihò tí a bá gbẹ́, kí amọ̀ padà sí ibi tí amọ̀ wà, kí iyanrìn padà sí ibi tí iyanrìn wà. Ihò tí a fi sílẹ̀ láìdí lè gbé ìdọ̀tí orí ilẹ̀ lọ tààrà sínú omi tí àwọn ènìyàn ń mu.